Ìpè Tó Dé Ṣáájú Àga

Ẹ̀rọ tí à ń ṣe nígbà náà kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Ó ní ojú dígí kan níwájú, wáyà kan sì jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bá tìmùtìmù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ọmọ tuntun. Bí ọmọ bá ti ń mí, àyà rẹ̀ á máa tẹ tìmùtìmù náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa ka mímí rẹ̀. Bí mímí bá dáwọ́ dúró, ẹ̀rọ á figbe ta. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo ti ṣe ẹ̀rọ tó jù ú lọ lẹ́yìn náà, níbi tó jìnnà gan-an sí yàrá yẹn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo ṣì lè tú palẹ̀ kí n sì tún tò padà lónìí, kí n má la ojú.

Àwa mẹ́rin la wà ní yàrá iṣẹ́ náà. Tábìlì ọ̀gá wa wà lẹ́nu ọ̀nà, kó lè rí ẹni tó pẹ́ dé. Ìyá Wáyà ló ni tábìlì gígùn abẹ́ fèrèsé. Òun ló ń jó àwọn bọ́ọ̀dù pọ̀, ìyẹn pátákó kékeré aláwọ̀ ewé tó máa ń gbé inú tìmùtìmù, tí irin wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀ bí èèrà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Bó bá jó irin kan mọ́ ibì kan, o ò ní mọ̀ pé iná dé ibẹ̀ rí. Ẹnìkẹta wa ni ọkùnrin tó ń dán ẹ̀rọ wò kó tó jáde. Òfin kan wà lára ògiri, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, pé ẹni tó bá pa ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ka oókan dé ọgọ́ta kó tó tún un tàn. Gbogbo wa là ń pa òfin náà mọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa ń kà á sókè ketekete bí ọmọ iléèwé, la bá sọ ọ́ ní Ka-Ọgọ́ta.

Èmi ni mo ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, wọ́n sì ń pè mí ní Dájúdájú. Ìyá Wáyà ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi mí pé ṣé ohun tí mo kọ máa ṣiṣẹ́, màá ní dájúdájú. Bí wọ́n bá ní ṣé mo ti jẹun, dájúdájú. Mo kéré sí gbogbo wọn lọ́jọ́ orí, mo sì gbà pé orí mi pé jù tiwọn lọ.

Ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ báyẹn, ètò kan wà tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú rẹ̀, òun ló ń darí gbogbo ìyókù. Òun ló máa ń jí ojú dígí, tó ń jí fèrè tó ń ké, tó ń jí tìmùtìmù. Nígbà tí mo dé, ńṣe ló ń jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá tó ń jí ọmọ mẹ́fà: títí èyí á fi fọ ojú tán, kò ní fọwọ́ kan èkejì. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló ń gbà. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi jọ dìde? Mo pín iṣẹ́ náà, mo ní kí gbogbo wọn máa jí lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́kànlá di mẹ́rin. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi níṣojú gbogbo yàrá. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èmi ni mo ni títì.

Nígbà tí ẹ̀rọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lo oṣù kan nílé ìwòsàn, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ní ìgbà mìíràn wọ́n á tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ó ń múra," kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. A gba méjì padà. Ka-Ọgọ́ta tan wọ́n, ó pa wọ́n, ó kà, ó tún tan wọ́n, fún odindi ọjọ́ méjì. Ìgbà igba ni, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A dá wọn padà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti tún pè.

Ọ̀gá ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n kọ ìwé lé e lórí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ni pé mo ka kóòdù tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mo sì rí i pé ó dára. Tí kóòdù bá dára, bọ́ọ̀dù ló kù. Mo kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀, mo fi parí rẹ̀ pé àbùkù náà wà lára bọ́ọ̀dù, dájúdájú. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá dìde lórí àga rẹ̀, ìwé mi ní ọwọ́. Ogójì bọ́ọ̀dù ló wà nílẹ̀ tí Ìyá Wáyà ń ṣe lọ́wọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ilé iṣẹ́ ìta kan ni yóò máa bá wa ṣe bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ Ajé.

"Ìyá, ẹ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀," ó ní. "Ẹ máa lọ sinmi."

Ìyá Wáyà gbé irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tó ń gbé e lé. "Sinmi? Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ pé ó rẹ̀ yín. Ẹ̀rọ ni kò jí."

"Bọ́ọ̀dù mi kì í kú. Ẹ ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ sọ ọ̀kan tó kú."

Ọ̀gá ń wo ìwé mi. Ìyá Wáyà wá yíjú sí mi. Kò pariwo, ì bá sàn kó tiẹ̀ pariwo.

"Dájúdájú, o rí i pẹ̀lú ojú rẹ pé bọ́ọ̀dù mi ló kú?"

"Mi ò rí i, mà. Mo ṣírò rẹ̀ ni."

"O ṣírò mi." Ó mi orí. "Ọ̀gá, ẹ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ibi tí iṣẹ́ mi ti kú, kí n tó kó ẹrù mi. Kí oníṣírò yìí sì tẹ̀lé mi."

Ọ̀gá ní kò burú.

Láàárọ̀ ọjọ́rú a lọ sílé ìwòsàn náà. Yàrá gígùn kan ni, ògiri rẹ̀ funfun dé ìdajì, ìdajì ìsàlẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ omi òkun. Ibùsùn kéékèèké mẹ́rìnlá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ wa kò sì ju mẹ́wàá lọ, nítorí náà wọ́n máa ń tì í kiri lórí kẹ̀kẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ ọmọ mìíràn. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o.

"Ẹ̀yin lẹ bí i?" ó ní, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Ẹ káre. Ó ń múra, ó ń múra, níbo ló ń lọ?"

Ìyá Wáyà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó lójú wa bí ẹ ṣe máa ń lò ó. Ẹ má fi tiwa ṣe."

Ó mú wa lọ síbi ibùsùn méjì tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Ó yọ wáyà iná lára ògiri, ó fi kọ́ ọrùn bí okùn aṣọ, ó ti kẹ̀kẹ́ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó ki wáyà bọ ògiri níbi kejì. Ẹ̀rọ jí. Ó tún yọ ọ́, ó tì í padà, ó kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ jí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú dígí mọ́lẹ̀, ó kọ "Ó ń múra," ó sì dúró síbẹ̀. A dúró tì í. Kò lọ síbì kankan.

Inú mi dùn díẹ̀, kí n má purọ́. Mo ti rí i lójúkorojú.

"Nọ́ọ̀sì," Ìyá Wáyà bi í, "báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó, láàárín ìgbà tí ẹ bá yọ ọ́ àti ìgbà tí ẹ bá tún kì í bọ̀ ọ́?"

"Ta ló ráyè kà á? Ọmọ ń dúró dè mí."

Mo ti fi aago ọwọ́ mi wò ó. "Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mà."

Ìyá Wáyà fa àga kan, ó jókòó. "Èmi ni mo kọ òfin ọgọ́ta yẹn sára ògiri," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹ máa fi iná ta bọ́ọ̀dù mi lójijì. Gbogbo ìgbà tí a bá dán ẹ̀rọ yìí wò, a ti sinmi rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹni tó tan án rí nígbà tó ṣì gbóná, àfi àwọn wọ̀nyí."

"Ẹ rí i, mà," mo ní, "bọ́ọ̀dù tó ṣì gbóná ni kò lè jí."

"Àbí ó tètè jí jù." Ó gbójú sókè wò mí. "Gbọ́ mi. Bọ́ọ̀dù tó bá tútù, bó bá rí iná, á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn náà á pe ẹ̀rọ rẹ: mo ti dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń pè, bẹ́ẹ̀ lo ní kí n ṣe é. Èyí tó ṣì gbóná kò ní ohun tó ń yẹ̀ wò púpọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló máa ń pè. Ṣé ẹ̀rọ rẹ máa ń gbọ́?"

Mo la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ. "Mi ò mọ̀, mà," ni mo sọ.

Nígbà tí a padà dé yàrá iṣẹ́, ọ̀gá kò tíì jẹ́ ká jókòó tó fi ní kí la rí. A ròyìn fún un. Ojú rẹ̀ tàn. "Ṣebí ó ti tán nìyẹn! Ẹ jẹ́ ká tẹ bébà kan, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ: tí ẹ bá pa á, ẹ ka ọgọ́ta."

"Ẹ̀yin lẹ máa lọ kà á létí ọmọ tí kò mí mọ́?" Ìyá Wáyà bi í.

Ka-Ọgọ́ta bojú wo ilẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bú bàbá rẹ̀.

Ìyá Wáyà mú ẹfun, ó fa ìlà kan sílẹ̀ láàárín yàrá, ibi tí a ó ti máa gbéra. Ó ní òun kò lè ka kóòdù mi, ṣùgbọ́n òun lè wo ènìyàn. Kí a fi ara wa ṣe é.

"Èmi ni tìmùtìmù. Ka-Ọgọ́ta, ìwọ lo máa fún mi níná: tí o bá ti fọwọ́ kàn mí léjìká, mo ti rí iná. Dájúdájú, kí niṣẹ́ tìrẹ?"

"Èmi ni mo máa ṣètò ibi tí ìpè máa bọ́ sí, mà. Bí àpótí ni, nínú ẹ̀rọ. Bí àpótí ò bá tíì sí, ìpè á kàn ṣòfò."

"Ó dáa. Àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àpótí. Lọ gbé e wá. Ìgbà tí o bá jókòó sórí rẹ̀ tán lo tó ní etí. Ta ló ń ṣáájú, ìwọ tàbí Ka-Ọgọ́ta?"

"A jọ ń gbéra ni, mà. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, kó lè yá."

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ kan pé ká bẹ̀rẹ̀. Ìyá Wáyà kọ́kọ́ ṣe tútù. Nígbà tí Ka-Ọgọ́ta fọwọ́ kàn án, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó nu dígí ojú rẹ̀, ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kó tó kà á tán, mo ti gbé àga dé, mo ti jókòó. "Mo ti dé!" ó ní. Mo gbọ́.

"Ó yá, mo ti gbóná báyìí," ó ní.

Ọ̀gá tún pàtẹ́wọ́. Mo sáré. Ẹsẹ̀ àga há mọ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà tí mò ń fà á nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde láti inú yàrá: "Mo ti dé!" Mo wọlé, mo gbé àga kalẹ̀, mo jókòó, mo tẹ́tí.

"Kí lò ń dúró dè?" Ìyá Wáyà bi mí.

"Ìpè yín, mà."

"Mo ti pè."

"Ẹ tún un pè."

"O ò ní kí tìmùtìmù tún un pè."

Mo jókòó síbẹ̀. Ó ń tini lójú, irú ìjókòó yẹn.

"Ó ń múra," Ka-Ọgọ́ta ní, ọ̀gá sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo dìde lọ sídìí kọ̀ǹpútà mi. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo yí ètò náà padà kí iṣẹ́ àpótí kọ́kọ́ gbéra, kí iṣẹ́ iná tẹ̀lé e. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ka-Ọgọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í tan án ní gbígbóná, ó ń yọ ọ́, ó ń kì í bọ̀ ọ́, òógùn ń bò ó. "Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe láìkà," ó ń ṣàròyé. Ogún ìgbà, ó jí. Ọgbọ̀n ìgbà, ó jí. Ọ̀gá ti ń wá gègé láti fọwọ́ sí i pé ó ti dára. Ní ìgbà kọkànlélọ́gbọ̀n, ojú dígí mọ́lẹ̀: "Ó ń múra."

Ìyá Wáyà kò bá mi wí. Ó tọ́ka sí ìlà ẹfun.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Dájúdájú, ìwọ kọ́kọ́ lọ. Ka-Ọgọ́ta, tí o bá ti rí ẹ̀yìn rẹ̀, ìwọ náà gbéra."

Mo kọ́kọ́ lọ. Ka-Ọgọ́ta rí ẹ̀yìn mi, ó fọwọ́ kàn án. Àga há mọ́ ilẹ̀kùn. "Mo ti dé!" ni mo gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O rí i?" ó ní. "O kọ́kọ́ gbéra ni. O ò kọ́kọ́ dé."

Àga ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò rí nínú kóòdù nígbà tí mo kà á. Nínú ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè há mọ́ ilẹ̀kùn: ojú dígí lè gba ààyè lọ́wọ́ iṣẹ́ àpótí, fèrè lè gbà á. Kò sí iye àkókò tí mo lè fi ṣáájú tó máa tó lójoojúmọ́. Ohun tó yẹ ni kí Ka-Ọgọ́ta má gbé ọwọ́ rárá, bó ti wù kó pẹ́ tó, àfi tó bá gbọ́ lẹ́nu mi pé mo ti jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n," mo sọ fún un, "ẹ má wo ẹ̀yìn mi mọ́. Ẹ dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi."

A ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà lórí ilẹ̀. Àga há, àga ò há, mo rọra rìn, mo sáré, Ka-Ọgọ́ta dúró. Kò sí ìpè tó ṣòfò. Mo wá lọ kọ ọ́ sínú ètò: iṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ tan tìmùtìmù títí iṣẹ́ àpótí yóò fi ránṣẹ́ sí i pé òun ti parí. Ìlà mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ìlà mẹ́rin!

Ní ọjọ́bọ̀, láti àárọ̀ dé ọ̀sán, Ka-Ọgọ́ta tan án ní gbígbóná nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà tan án títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ìyá Wáyà tan ọgọ́rùn-ún tirẹ̀, ó yọ ọ́ ó sì kì í bọ̀ ọ́ ní kíákíá bí ẹni tó ń fi ṣeré. Ẹ̀rọ jí ní gbogbo ìgbà. Ó kàn ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún báyìí ni.

"A ti sọ fún ilé ìwòsàn pé mẹ́rin," ọ̀gá ní.

"Ẹ sọ fún wọn pé márùn-ún," mo ní.

Ìwé ló kù. Páálí bọ́ọ̀dù náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ tó máa kó o ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí n tún ìwé mi kọ, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Kí n sọ pé bí bọ́ọ̀dù àti kóòdù ṣe pàdé ni kò dán mọ́rán. Ó ní mo ṣì kéré, iwájú ni mò ń lọ, ìwé máa ń tẹ̀lé ènìyàn kiri. Ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Bí mo bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ìta yóò ṣì máa bọ̀, nítorí àbùkù ìdajì ṣì wà lọ́rùn bọ́ọ̀dù.

Mo wo Ìyá Wáyà. Ó ń gbọ́ wa, yàrá yẹn kò tóbi. Kò wò mí. Ó ń nu tábìlì rẹ̀ láti igun kan dé igun kejì.

Mo jókòó, mo kọ ọ́, kò kún ojú ìwé kan. Mo kọ ọ́ pé kóòdù mi ló tan tìmùtìmù kí ẹ̀rọ tó ní ibi tí yóò ti gbọ́ ìpè rẹ̀. Pé bọ́ọ̀dù ṣe gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní kó ṣe, ní gbogbo ìgbà, láìyẹ̀. Pé ìwé mi ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́, mo sì fà á padà. Mo fọwọ́ sí i. Dípò kí n gbé e fún ọ̀gá, mo dìde, mo kà á sókè kí gbogbo yàrá gbọ́.

Ka-Ọgọ́ta súfèé. Ọ̀gá gba ìwé náà, ó kà á fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ẹsẹ̀ ti páálí náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó tì í títí dé abẹ́ tábìlì gígùn. Ó gbé fóònù. A gbọ́ ọ tó ń sọ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìta pé kí wọ́n má ṣe yọnu mọ́, a ti ní ẹni tiwa.

Ó wá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó pa ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn.

"Ìyá, wọ́n tún ń béèrè ogún ẹ̀rọ sí i láwọn ilé ìwòsàn mìíràn. Ìgbà wo lẹ rò pé bọ́ọ̀dù lè jáde?"

Ìyá Wáyà ti mú irin gbígbóná rẹ̀. Èéfín tín-ínrín ń gòkè lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ ṣì wà nímú mi títí dòní. Kò gbé orí sókè.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ sún síwájú díẹ̀. Ẹ dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi."